Bàtà Tí Kò Dùn Mí

Inú lọ́rì la wà, à ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èrúwà, nígbà tí Ìyá Ṣadé nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ni, a jọ jókòó ti ara wa. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, kí ló ń jáde nínú bàtà yín yẹn?"

Mo wolẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ìbọ̀sẹ̀ funfun tí mo wọ̀ ti rin gbindin, ẹ̀jẹ̀ náà sì ti ń rọra yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀. Mo bọ́ bàtà. Ìṣó kékeré kan ti yọrí sókè láti ìsàlẹ̀ bàtà náà, ó sì ti gbẹ́ ihò sí àtẹ́lẹsẹ̀ òsì mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Kò dùn yín ni?"

"Kò dùn mí."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dà bí àwàdà lójú mi. Ìyá Ṣadé kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìṣó, ó wo ojú mi, ó rọra fa ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọjú sí ọ̀nà. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ìrìn ọjọ́ náà pọ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, a sì ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa pé a óò kó wọn lọ wo ọgbà ẹranko ní Ìbàdàn. A lọ sọ́dọ̀ kìnnìún, a lọ sọ́dọ̀ ọ̀nì, a gun òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn ìnàkí, a tún padà sọ́dọ̀ kìnnìún nítorí pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ ní àwọn kò rí i dáadáa. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún un. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, ẹsẹ̀ ọ̀gá wa ti lé ròrò. Ìyá Ṣadé bọ́ bàtà tirẹ̀ sọ́wọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Èmi nìkan ni mò ń lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tí kò rin ibì kankan. Wọ́n ń yìn mí pé mo mọ bàtà í yàn.

Bẹ́ẹ̀ bàtà tuntun ni. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ gan-an ni mo rà á. Ìyá Ṣadé ti kìlọ̀ fún mi pé bàtà tuntun kì í ṣe bàtà ọ̀nà jíjìn, kí n wọ èyí tó ti mọ mí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, n kò mọ̀ ọ́n lára pé ó fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i bí etí rẹ̀ ṣe wọ inú awọ ẹsẹ̀ mi. Mo ní bàtà gidi nìyí. N kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ni kò lè ráhùn mọ́.

Bí mo bá rò ó padà, ara mi ti ń sọ ọ́ fún mi tipẹ́. Àmì kan wà ní itan mi tó funfun díẹ̀ ju ara yòókù lọ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Kò yún mi, irun kì í hù níbẹ̀, bí oòrùn bá sì pa mí tí gbogbo ara mi làágùn, ibẹ̀ a gbẹ. Mo pè é ní làpálàpá, mo ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ òsì mi a máa ṣe mí bíi pé èèrà ń tò nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà a dákẹ́ wọ̀ọ̀. Sílípáàsì a máa bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lójú ọ̀nà, n óò sì máa lọ, àfi bí ẹnìkan bá ké sí mi pé bàtà mi wà lẹ́yìn. Èmi àti ọkọ mi a máa fi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìrònú iṣẹ́ tíṣà ló ń dà mí láàmú.

Egbò ìṣó náà kò jinná. Mo lọ sí dìsípẹ́ńsárì, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dì í, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Nítorí pé kò dùn mí, mo ń fi rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, mo ń fi dúró níwájú pátákó láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí gbọ́ èyí yékéyéké: egbò tó ń dunni ló ń jẹ́ kí a sinmi, ìsinmi ló sì ń jẹ́ kí ó san. Egbò tí kì í dunni kò ní ẹni tó máa gbèjà rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa bẹ̀rẹ̀, tèmi ti jìn wọ inú, ó sì ti ń rùn. Àwọn ọmọ tó ń jókòó níwájú ní kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn.

Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, tó jẹ́ télọ̀, ló ní ká lọ sí ilé-ìwòsàn ní Igbó-Ọrà. Orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí láti òwúrọ̀, láàárín àwọn aláboyún àti àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe. Nígbà tó kàn mí, ọkọ mi dúró síta. Dókítà kò tilẹ̀ wo egbò náà pẹ́. Ó tẹ ẹ̀yìn orúnkún mi, ó fi ìka wá iṣan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè bóyá mo ní àmì kankan lára. Mo fi ti itan mi hàn án. Ó mú òwú kékeré kan, ó yí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó.

"Ẹ di ojú yín, mà. Ibi tí mo bá ti fi òwú yìí kàn yín, ẹ fi ìka tọ́ka sí i."

Mo di ojú. Ó kan apá mi, mo tọ́ka. Ó kan ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo tọ́ka. Lẹ́yìn náà mo dúró, mò ń retí. Mo dúró pẹ́. Mo rò pé ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ni, mo sì la ojú. Òwú wà lórí àmì itan mi, ọwọ́ dókítà ń yí i. N kò tíì ní ìbẹ̀rù tó tó ìyẹn rí láyé mi: kí n rí ohun tó ń kan ara mi, kí ara náà má mọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀tẹ̀ ni, mà. Oríṣi tó wà lára yín kì í tètè ran ẹlòmíràn, ó sì ní oògùn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ pa yín."

N óò ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Kòkòrò kan ló ń fa ẹ̀tẹ̀. Èpè kọ́, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, a kì í sì í jogún rẹ̀. Kòkòrò náà fẹ́ràn àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, àwọn ni wọ́n ń pè ní iṣan ìmọ̀lára. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ ká mọ̀ pé iná gbóná, pé ẹ̀gún gún wa. Bí kòkòrò bá ba okùn náà jẹ́, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń rìn, ṣùgbọ́n kò lè ránṣẹ́ sílé mọ́. Ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í gé ìka. Iná, ìṣó, òkúta àti bàtà tí kò dára ni wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni ín kò mọ̀. Oògùn lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í sábà tún okùn tó ti já so.

Mo jáde sọ́dọ̀ Bàbá Bọ́lá. Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró níbẹ̀. Nígbà tí a wọ takisí tó ń padà sí Èrúwà, iwájú ló jókòó sí. A ti jọ máa ń jókòó sẹ́yìn láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí i. Kò lé mi. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ìyá rẹ̀, tó ti máa ń pè mí ní aya rere, kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ̀rọ̀. "A ò ní kó o kú sígbó. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré wà nílé yìí." Wọ́n gbé Bọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, lọ sọ́dọ̀ arábìnrin bàbá rẹ̀ ní Ayétẹ̀. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé ni. Ìdí ọkọ̀ ni mo ti kí i pé ó dàbọ̀, mo sì di ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn kí ó má baà di mọ́ mi. Dókítà ti sọ pé kò séwu. Ìbẹ̀rù àwọn èèyàn ló ti wọ inú èmi náà.

Èmi padà sí Lánlátẹ̀, sí ilé bàbá mi tó ti kú. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi. Ilé-ẹ̀kọ́ ní kí n sinmi títí ara mi yóò fi yá. Àwọn ará ilé a máa lọ sóko láti àárọ̀, agbo ilé náà a sì dá páropáro, àfi ewúrẹ́ àti èmi. Dókítà ti ní n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀, nítorí náà orí ẹní ni mò ń wà, ẹsẹ̀ lórí àpótí, tí mò ń wo bí òjìji igi àgbálùmọ̀ ṣe ń yí kiri lórí ògiri. Ìyàwó àbúrò bàbá mi a máa gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, a fi ẹsẹ̀ tì í wọlé díẹ̀, a ní, "Oúnjẹ yín rèé o," a sì ti lọ kí n tó dúpẹ́. Ọjọ́ Àìkú, mo gbìyànjú láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó lé mi. Gbogbo ìjókòó tó yí mi ká ló kàn ṣófo títí ìsìn fi parí.

Òwe kan wà tí mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, pé adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Àwọn ọmọ a rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín. Ní yàrá ẹ̀yìn náà, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń kà á fún mi. Ohun tó ń dun adẹ́tẹ̀ jù kì í ṣe ibi tó gé lára rẹ̀. Egbò mi kò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ń kàn mí. Ó dé ibi tí mo máa ń fi ọwọ́ kan rọra di ìkejì mú, kí n lè rántí bó ṣe rí.

Bàbá Bọ́lá a máa wá. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ló máa ń dúró sí. A ó bára sọ̀rọ̀ láti ìta sí inú ilé, nípa Bọ́lá, nípa aṣọ tó ń rán, nípa òjò. Lẹ́yìn náà kò wá mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ọsibítù kan tó ń tọ́jú irú wa wà ní ọ̀nà jíjìn sí wa, ibẹ̀ ni dókítà fi mí ránṣẹ́ sí. Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró, funfun, tí mo ní láti máa lò fún ọdún púpọ̀. Wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò nínú egbò náà, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń tọ́jú eegun tó ṣẹ́ di ẹsẹ̀ mi láti orúnkún dé ìka. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ni ti sìmẹ́ǹtì, nígbà tí eegun mi kò ṣẹ́. Ó ní, "Kí ẹsẹ̀ lè sinmi tipátipá ni. Ẹ̀yin kò ní mọ ìgbà tó rẹ̀ ẹ́." Nígbà tí wọ́n tú u, egbò náà ti pa ojú dé. Mo wò ó títí, bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Kì í ṣe pé ó lọ tààrà. Lẹ́yìn tí oògùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibà dé, àmì itan mi wú, ó pọ́n, iṣan ẹ̀yìn orúnkún mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin gbígbóná fà á. Mo rò pé mo ń kú lọ. Ara ló ń bá òkú kòkòrò jà, ìjà náà ni wọ́n ní ó máa ń mú kí iṣan wú. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe, kó má ju oògùn nù o, kó sáré padà sí ọsibítù, nítorí ìjà yẹn lè ba ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ jẹ́ ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n fún mi ní oògùn mìíràn, ó sì rọlẹ̀.

Ní ọsibítù yẹn ni mo ti bá aránbàtà kan pàdé, Bàbá Gàníyù. Òun náà ti ní ẹ̀tẹ̀ rí, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan ti kákò. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé orí itan rẹ̀ láì béèrè, ó ń wọ̀n ọ́n. Sáńdà ló rán fún mi. Rọ́bà tó rọ̀ bí búrẹ́dì wà nínú, táyà líle wà nísàlẹ̀ kí ẹ̀gún má baà là á kọjá. Kò kan ìṣó kan sí i, òwú ló fi rán an. Iwájú rẹ̀ fẹ̀, okùn sì wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ kó má baà máa bọ́. Ó dára fún ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó, omi dé ojú mi. Gbogbo Ìbàràpá ló mọ bàtà yẹn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ wọ ọjà, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n kó tó dé.

Mo ní, "Bàbá, n kò lè wọ èyí lọ síwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé."

Ó wò mí. "Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ tọ́jú ni, àbí ojú ayé?"

"Méjèèjì ni, Bàbá. Méjèèjì ni mo ní láti fi jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba sáńdà náà padà. Nígbà tí mo tún lọ, ó ti fi awọ búráùn bo ẹ̀gbẹ́ táyà náà yíká, ó fi idẹ dídán sí okùn rẹ̀. Ó jọ bàtà tí ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé lè wọ̀. Rọ́bà rírọ̀ náà ṣì wà nínú, níbi tí ojú kò dé.

Ohun tó kọ́ mi nípa bàtà ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú mú lọ, ìbáà jẹ́ ẹ̀tẹ̀ ló pa á tàbí àtọ̀gbẹ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú dé ibi tó máa wú dé. Ẹ má gba ẹ̀rí ẹsẹ̀ pé kò fún un. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ lé ìwé, ẹ ya yíká rẹ̀, kí ẹ gbé bàtà lé e kí ẹ wò ó. Ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láì tíì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bàtà tuntun, kódà èyí tó dára jù, ìwọ̀nba ìrìn inú ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rìn. Ẹ bọ́ ọ, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ kí ẹ wá ibi tó gbóná ju ibòmíràn lọ, nítorí ibẹ̀ ni egbò ń bọ̀. Bí ìrìn gbogbo ọjọ́ bá sì dé, bíi ti ọjà tàbí ti ayẹyẹ, ẹ gbé ìṣísẹ̀ kúkúrú, ẹ jókòó kó tó rẹ̀ yín, kí ẹ sì bọ́ bàtà wò lójú ọ̀nà. Ojú kì í ti ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Dókítà ní n kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni, wọ́n sì fún mi láyè láti padà sẹ́nu iṣẹ́, ní Lánlátẹ̀ báyìí, níbi tí mo lè rìn dé láì wọ ọkọ̀. Àwọn òbí kan kó ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì mi. Àwọn tó kù kọ́ ìwé. Ìyá Ṣadé wá kí mi láti Èrúwà lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó sunkún, kò mu omi tí mo gbé fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá.

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo jókòó lórí àpótí, mo gbé díńgí sísàlẹ̀ kí n lè wo abẹ́ gìgísẹ̀ mi, nítorí ojú kì í dé ibẹ̀ tán. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ní àgbàlá, ó sì kọjá igi àgbálùmọ̀. Bàbá Bọ́lá wọlé. Ó ti hu ewú díẹ̀. Ó wo díńgí, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó jókòó sílẹ̀.

"Gbé e wá."

"Bàbá Bọ́lá, ẹ fi sílẹ̀."

"Mo ní kí o gbé e wá."

Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú àpá náà. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ibí ńkọ́?"

"Rárá."

Ó ń gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń béèrè, mo ń mi orí. Nígbà tí ọwọ́ náà kọjá kókósẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ó gbóná, ó sì le ní ibi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ti máa ń gún un. Ó wo ojú mi, ó rí i, ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe ohun gbogbo ló padà. Ìyá rẹ̀ kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi títí ó fi kú. Ayétẹ̀ ni Bọ́lá dàgbà sí. Nígbà tó padà wá, ó ń pe arábìnrin bàbá rẹ̀ ní Màmá, ó ń pe èmi ní Ìyá. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fọ egbò mi láì bo imú. Ẹsẹ̀ òsì mi kò mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ títí dòní, síbẹ̀ ó ń gbé mi lọ. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán ní ìrọ̀lẹ́, tí mo fi òróró pa á, mo máa ń kí i pé ó kú iṣẹ́. Kì í dá mi lóhùn. Tílẹ̀ bá mọ́, a tún jọ máa ń dìde.